Ọ̀gá ní kí n máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ ní sítáàfù-rúùmù fún àwọn. Ẹ̀yin tísà, kí ni kí n ṣe?

TísàTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún níbi iṣẹ́.

Ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, oṣù kẹrin mi sì rèé ní ilé-ìwé tí mo wà báyìí. Ìhà méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ti ọ̀gá, àwọn kan jẹ́ ti igbákejì tó gbà pé òun ló yẹ kí wọ́n fi jẹ ọ̀gá. Àga pàápàá ní ìhà! Bí ẹ bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ẹ ti di èèyàn igbákejì nìyẹn. Ta ló sọ fún mi? Àga tó ṣófo ni mo jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nǹkan mẹ́ta ló ti ṣẹlẹ̀ báyìí. Táìmù-tébù tuntun jáde, píríọ́dù tó gbẹ̀yìn ni wọ́n kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, kíláàsì tó sì le jù ni. Lẹ́yìn náà, mo ṣètò ìdíje ìwé kíkà fún àwọn ọmọ, ni olórí ẹ̀ka wa bá gbé e lọ sí ìpàdé bíi pé orí tiwọn ló ti jáde. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, mo ti ń wò ọ́. Máa jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní sítáàfù-rúùmù yẹn." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," mo bá sáré jáde. Mi ò wá mọ̀ bóyá "ẹ ṣé" yẹn ti di "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn.

---

Jẹ́jẹ́Mi

Wọ kíláàsì, kọ́ ọmọ, gba owó oṣù, máa lọ sílé. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí aago ìsinmi bá lù, inú kíláàsì mi ni mo máa ń jókòó tí màá máa máàkì ìwé. Mi ò ní ọ̀tá, mi ò sì ní ọ̀rẹ́ tó lè kó bá mi.

---

ÀbúròÌṣirò

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́Mi, ẹ má bínú o. Mo gbìyànjú èyí tí ẹ sọ yìí fún odindi ọdún kan. Wọ́n ní mo ń gbéra ga. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tó máa lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti ń dúró dè, kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà nílé-ìwé náà. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi o, orúkọ mi kan ò wá sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ gbẹnu sọ fún un níbi tí kò sí?

Èmi gbà pé ó yẹ kéèyàn máa jókòó níbẹ̀, kó máa jókòó sí ibi tó bá wù ú, kó sì máa bá ìhà méjèèjì ṣeré. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó dìde lọ mu omi. Mo ti mu omi gan-an lọ́dún yìí.

---

AláàtòTáìmùTébù

Omi mímu yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

TísàTuntun, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí táìmù-tébù, torí ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe é nílé-ìwé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí pé ọ̀gá ló rán mi láti fìyà jẹ èèyàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an rèé.

Bí mo bá jókòó pẹ̀lú pépà tó fẹ̀ tó tábìlì yẹn, àwọn olùkọ́ tí kì í wá lójoojúmọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ tò sí i. Ẹni tó ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, mi ò lè gbé e sí ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn yàrá tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, yàrá kọ̀ǹpútà, pápá eré. Kíláàsì méjì ò lè wọ ibẹ̀ pọ̀. Tí ìyẹn bá parí, ó kan àwọn iṣẹ́ oní-píríọ́dù-méjì tí àkókò ìsinmi ò gbọdọ̀ gé sí méjì. Ó tún kan àwọn iṣẹ́ tí gbogbo kíláàsì onípele kan náà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn ọmọ máa ń pín lọ síbi èyí tí kálukú yàn. Ká tó dé ibí yìí, pépà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ìgbà náà ni mo máa wá rántí àwọn tó ti wá bá mi. Èyí ní òun ń lọ gbé ọmọ níléèwé, jọ̀ọ́, kí n má fi òun sí ìparí. Tọ̀hún ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí n má fi kíláàsì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀. Mo máa ń gbìyànjú fún wọn. Ihò tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́? Ẹni tí kò sọ nǹkan kan ni mo máa ń fi dí i. Mi ò fi èyí yangàn o, àmọ́ òótọ́ ni. Olùkọ́ tuntun kì í sọ nǹkan kan rí, torí kò tíì mọ̀ pé èèyàn lè sọ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó pè é ní òṣèlú ibi iṣẹ́, ẹ lọ bá ẹni tó ṣe é. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí ẹ fi ṣe èyí sí mi. Ẹni tí wọ́n bá bi bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò máa gbèjà. Ẹ sọ pé: "Mo ní píríọ́dù ìparí lọ́jọ́ mẹ́rin. Èwo ló ṣeé yí nínú wọn?" Ẹ tètè lọ o, torí tí sáà bá ti wọra tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan táìmù-tébù mọ́. Ti sáà tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí ìparí sáà yìí ni kí ẹ ti lọ.

---

ẸnuMiÀdá

Gbogbo èyí dára fún ilé-ìwé tí orí wọn pé. Ní tiwa, lẹ́yìn tí wọ́n lẹ táìmù-tébù mọ́ ògiri tán ni wọ́n wá yí tèmi nìkan, pẹ̀lú báírò.

---

AláàtòTáìmùTébù

ẸnuMiÀdá, báírò yẹn ti yàtọ̀. Èyí tí wọ́n bá yí lẹ́yìn tó ti jáde, fún ẹnì kan ṣoṣo, láìsí àlàyé, èmi náà á bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

---

Ọ̀gáTẹ́lẹ̀rí

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ ọ̀gá, mo sì fẹ́ sọ nípa ìkẹta nínú ọ̀rọ̀ ọmọ wa yìí, torí èmi náà ti ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo di ọ̀gá, mo wọ sítáàfù-rúùmù tí mo ti jókòó sí fún ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo ẹnu pa. Àwọn tí a jọ ń rẹ́rìn-ín lánàá bẹ̀rẹ̀ sí wo ìwé wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ kankan fún mi mọ́ àfi èyí tó bá fẹ́ gba nǹkan. Ọ̀gá tí kò gbọ́ nǹkan kan a máa bẹ̀rù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá sọ nǹkan fún un ni yóò gbà gbọ́.

Ẹnì kan wá ń sọ nǹkan fún mi. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní olùkọ́ méjì kan ń ti àwọn òbí sí mi. Mo gbà á gbọ́, mo fi ojú burúkú wo àwọn méjèèjì títí wọ́n fi wá ibòmíràn lọ. Ọdún kejì ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni, pé ipò tí ọ̀kan nínú wọn wà ni ẹni náà ń wá. Ó rí ipò náà gbà o. Èmi ni mo fi fún un.

Ohun tí mo máa sọ fún TísàTuntun ni pé kó má sá fún ọ̀gá, kó má sì gbé orúkọ ẹnikẹ́ni lọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ni kó máa gbé lọ. "Mà, ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ọjọ́ ìpàdé gan-an ni wọ́n ń gbọ́ nípa ìpàdé." Èyí wúlò fún ọ̀gá, kò sì dá ẹnì kan lẹ́bi. Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló sọ ọ́, kó ní, "Èmi náà wà nínú wọn, mà." Kó sì máa wo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ ní ọ́fíìsì bóyá ó lè sọ ọ́ bí ẹni tí ó kàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá lè sọ ọ́ lójú onítọ̀hún, kó gbé e mì.

Àwọn olùwádìí méjì kan wà, Anthony Bryk àti Barbara Schneider, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú Chicago ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n rí i pé ilé-ìwé tí àwọn àgbàlagbà inú rẹ̀ ti fọkàn tán ara wọn ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti ń tẹ̀ síwájú jù, nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn èèyàn fi ń díwọ̀n ara wọn: ṣé o bọ̀wọ̀ fún mi, ṣé o mọ iṣẹ́ rẹ, ṣé ọ̀rọ̀ mi jẹ ọ́ lógún kọjá ohun tí ìwé gbà ọ́ sí, ṣé o máa ń ṣe ohun tí o bá sọ. Mo ka èyí lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ó dùn mí pé mi ò kà á ṣáájú.

---

ẸnuMiÀdá

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sọ ọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹ̀rù ń bà. Àwọn kan wà tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ gbọ́ tèmi. Àwa márùn-ún kan ní gúrúùpù WhatsApp tiwa, àwọn tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé wákàtí mẹ́ta, mo kọ ọ́ pé, "Ìpàdé yìí kúkú lè di kíláàsì tiwọn, ká máa san owó ilé-ìwé." Ẹ̀fẹ̀ ni. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ẹnì kan fi ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Títí dòní mi ò mọ èwo nínú àwọn mẹ́rin. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọ kíláàsì mi wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó kù, ẹ̀ẹ̀kan ní sáà. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì lórí lẹ́sìnnóòtù tí wọ́n ti fọwọ́ sí fúnra wọn. Wọ́n gba kíláàsì ìparí tí mo ti tọ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní òṣèlú o. Ìfìyàjẹni ni.

---

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ibi tí ẸnuMiÀdá bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti fẹ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń wá bá wa ní ẹgbẹ́ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Bí èèyàn méjì bá ń du ipò, kíláàsì tàbí yàrá, tí ọ̀kan sì mọ̀ ọ́n sọ ju èkejì lọ, òṣèlú nìyẹn. Kò dùn, àmọ́ ibi gbogbo ló wà. Bí wọ́n bá wá dojú nǹkan kọ ẹnì kan léraléra láti sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ, ó ti di nǹkan mìíràn. Heinz Leymann, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní Sweden ní àwọn ọdún 1980, díwọ̀n rẹ̀ báyìí: ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Àdéhùn 190 lórí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́, tí ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí ní 2019, kò dúró de oṣù mẹ́fà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá lè tó, tó bá le débi tó lè pa èèyàn lára tàbí kó ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Orílẹ̀-èdè tó bá ti fọwọ́ sí i ló dè, nítorí náà ẹ wò ó bóyá tiyín wà níbẹ̀.

Èyí tí gbogbo olùkọ́ ìbá mọ̀ ni ìwé tí ILO àti UNESCO, àjọ àgbáyé lórí ètò ẹ̀kọ́, jọ gbé jáde lórí ipò àwọn olùkọ́, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá, 1966. Ìdí tí Àyájọ́ Ọjọ́ Olùkọ́ fi bọ́ sí ọjọ́ yẹn láti 1994 nìyẹn. A máa ń jó lọ́jọ́ náà, a kì í ka ìwé náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan olùkọ́, kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kí wọ́n jẹ́ kó rí gbogbo ẹ̀rí. Kó gbèjà ara rẹ̀, kó sì yan ẹni tó máa bá a gbèjà. Kí wọ́n kọ ìdájọ́ sílẹ̀ fún un, kó sì lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lórí àyẹ̀wò iṣẹ́, ó ní kó má ṣègbè, kí wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ mọ èsì rẹ̀, kó sì lè takò ó. Kì í ṣe òfin tí wọ́n lè fi gbé èèyàn lọ sí kóòtù o. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e síwájú ọ̀gá tó ń fi ẹnu lásán dájọ́, ẹ ó rí i pé ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan nílé. Ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ má kọ "ó fi mí ṣẹ̀sín", ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá fẹnu pàṣẹ fún yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́: "Mà, ẹ ní kí n gba kíláàsì kejì láti ọjọ́ Ajé, mo ti múra sílẹ̀." Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ̀rí sì ni. Mo ti rí ẹjọ́ tí gbólóhùn kan bí irú èyí gbà là.

---

Jẹ́jẹ́Mi

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní ìwé kékeré yẹn o. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ ò rò pé jẹ́jẹ́ nìkan ni mo fi ń rìn?

---

ÌyáLáíbìrì

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́Mi 😂

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé ti ìdíje ìwé kíkà, torí ìyẹn kàn mí. Ẹni tó bá fi ẹnu sọ èrò rẹ̀ fún olórí ẹ̀ka ní ọ̀nà kọ́rídọ̀, ó ti fi í tọrẹ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kan, kí ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí wọn. Kí ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì yín, irú èmi, ní iye ìwé tó wà nílẹ̀. Kí ẹ bi olùkọ́ kan tàbí méjì bí àwọn ọmọ wọn ṣe máa kópa. Títí ìpàdé á fi dé, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ ò sì jà.

Bó bá ti wá bọ́ sọ́wọ́ wọn báyìí, ẹ má pariwo olè. Ẹ nawọ́ sókè ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ ní, "Lórí ìdíje tí mo kọ sí olórí ẹ̀ka wa, mo ti ro bí a ó ṣe pín ìwé." Kí ẹ sì máa bá àlàyé lọ. Ẹ tún wádìí o, torí nílé-ìwé mìíràn, olórí ẹ̀ka nìkan ló ń wọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè gbé e lọ láìní èrò burúkú, kí wọ́n kàn gbàgbé láti dárúkọ yín. Ìgbàgbé náà á dùn yín o, mi ò ní kó má dùn yín.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè bá èèyàn jà lé lórí ni ti àwọn ọmọ. Mo ti rí olùkọ́ tó ń bi ọmọ pé kí ni tísà lágbájá ń sọ ní kíláàsì. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ṣáájú wa. Wọ́n mọ ẹni tí kì í kí ẹnì kejì, wọ́n sì ń fi wá ṣeré ní ẹ̀yìn ilé. Kí a má wá sọ wọ́n di oníṣẹ́ wa.

---

TísàTuntun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ ti kọjá, mo ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó dé.

Mo lọ bá ẹni tó ń ṣe táìmù-tébù. Mo béèrè bí ẹ ṣe ní kí n béèrè. Wọ́n na pépà ńlá kan sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ. Nínú ọjọ́ mẹ́rin mi, méjì ò ṣeé yí rárá torí yàrá kọ̀ǹpútà ló dè wọ́n. Wọ́n bá mi yí ọ̀kan. Ti ọjọ́ kẹrin, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ah, ihò ni eléyìí kàn jẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè." Ọ̀rọ̀ AláàtòTáìmùTébù gan-an! Wọ́n yí ìyẹn náà. Oṣù méjì ni mo ti fi ń bínú sí ọ̀gá lórí ohun tí wọn ò mọ̀dí.

Olórí ẹ̀ka wa ní àwọn olórí ẹ̀ka nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn, pé wọ́n fẹ́ dárúkọ mi ni àkókò ò tó. Bóyá. Wọ́n ti ní kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ fúnra mi lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sí ojú ewé kan, mo sì fi ọ̀kan fún ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì wa.

Ọ̀gá tún pè mí. Ọkàn mi ń lù kìkìkì. Mo ní, "Mà, ohun tó ń da àwa olùkọ́ láàmú ni ti ìpàdé tí a kì í tètè gbọ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Èmi náà wà nínú wọn, mà." Wọ́n tún wò mí, wọ́n ní kí n máa lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n lẹ ìwé ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́ ògiri, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Wọn ò tíì pè mí mọ́ láti ìgbà náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára.

---

Ọ̀gáTẹ́lẹ̀rí

Ọjọ́ márùn-ún! Èmi ò fún wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

---

ÀbúròÌṣirò

Àga ńkọ́? Ṣé ẹ ti kúrò lẹ́bàá fèrèsé?

---

TísàTuntun

Mo ṣì wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀ dáadáa. Lánàá, ẹnì kan nínú àwọn ti ọ̀gá gbé ìwé tó fẹ́ máàkì wá jókòó tì mí, ó ní ooru ń mú òun lọ́hùn-ún.